Ọmọ Mi Fẹ́ Ka Neuroscience: Èló Gan-an La Máa San?

Lẹ́tà mẹ́rin la mú dáhùn nínú ìwé yìí, gbogbo wọn lórí Neuroscience, ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti bó ṣe ń darí ara.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin mi máa jáde high school lọ́dún tó ń bọ̀, Neuroscience ló sì ní òun fẹ́ kà. Yunifásítì aládàáni ló ń pè ṣáá, bẹ́ẹ̀ owó tí mo rí níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $90,000 lọ́dún. Èmi ní kó lọ sí ti ìpínlẹ̀ wa. Bàbá rẹ̀ ní kó bẹ̀rẹ̀ ní community college, ilé-ìwé ọlọ́dún méjì tí èèyàn ti lè bọ́ sí yunifásítì. Ta ni kí á gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá kan, Bowie, Maryland

Ìyá wa, ẹ má tíì bá ọmọ jà. $90,000 yẹn ni iye tí wọ́n kọ sójú ìwé, kì í ṣe iye tí gbogbo èèyàn ń san. Èyí tó kàn yín ni iye tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti yọ owó ìrànwọ́ tí a kì í dá padà kúrò. Láti ọdún 2011 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé Net Price Calculator, ìyẹn ohun ìṣirò tó ń fojú díwọ̀n iye tó máa ṣẹ́ kù yẹn, sórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ gbé W-2 (ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ owó tí ẹ gbà lọ́dún) àti ìwé owó orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè ibẹ̀ fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ èsì wọn sójú ìwé kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ College Scorecard wò, ìkànnì iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín àwọn ìdílé sí ọ̀nà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé fún wọn, láti orí ẹni tí kò ju $30,000 lọ títí dé orí ẹni tó ju $110,000 lọ. Ìlà tiyín ni kí ẹ wò, ẹ fi iye gbogbogbò tó wà lókè sílẹ̀. Ẹ sì rántí pé tó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà nìkan ni wọ́n fi ṣírò iye tó wà níbẹ̀.

Ohun tí èyí máa ń fi hàn máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rí i pé àwọn aládàáni olówó ńlá bíi Princeton tàbí Amherst máa gba owó tó kéré sí ti yunifásítì ìpínlẹ̀. Láti 2001 ni Princeton ti fi owó ọ̀fẹ́ rọ́pò ẹ̀yáwó nínú ìrànwọ́ tó ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀. Amherst sì ti ń kọ́ni ní Neuroscience láti 1973, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún oyè àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé sí wọn ni wọ́n ń mú, ibi tí ìṣòro wọn wà nìyẹn. Àwọn aládàáni tó wà láàárín gan-an ló ń kó èèyàn sí gbèsè: owó wọn ga bíi ti Princeton, àpò wọn kò sì jìn bíi tirẹ̀.

Ní ti ìpínlẹ̀ yín, University of Maryland tó wà ní College Park ní Neuroscience. Ẹ̀ka bàọ́lọ́jì àti ẹ̀ka psychology ló jọ ń bójú tó o. Owó ilé-ìwé ọmọ ìpínlẹ̀ tó nǹkan bí $12,000 lọ́dún, nígbà tí ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ń san ohun tó ju $40,000 lọ. Bí ọmọ yín bá ń ti Bowie lọ tó ń bọ̀, owó yàrá àti oúnjẹ ti kúrò níbẹ̀, owó yẹn sì ju owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ti bá a já sí koto. Owó Prince George's Community College kò tó ìdajì ti College Park. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀sì Neuroscience so kọ́ra: èèyàn kò lè ṣe organic chemistry láìjẹ́ pé ó ti ṣe kẹ́mísìrì gbogbogbò, bàọ́lọ́jì sì gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn kọ́ọ̀sì ọpọlọ. Ọmọ tó bá fi ọdún méjì ka Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti sociology nìkan á dé College Park bá kẹ́mísìrì ọdún kìíní. Ọdún mẹ́rin á di márùn-ún tàbí mẹ́fà, gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ á sì bá ọdún tó lé yẹn lọ. Nítorí náà, kó tó kúrò níbẹ̀, kó ti ṣe bàọ́lọ́jì méjì àti kẹ́mísìrì méjì, gbogbo wọn pẹ̀lú láàbù, calculus kan, psychology ìbẹ̀rẹ̀, àti organic chemistry àkọ́kọ́ bí àyè bá wà.

Maryland ní ìkànnì kan tó ń jẹ́ ARTSYS tó ń fi hàn bóyá yunifásítì gba kọ́ọ̀sì kan. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pé wọ́n gbà á tàn yín. Yunifásítì lè gba kọ́ọ̀sì, kó sì kà á sí àfikún lásán tí kò yọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ Neuroscience. Ìbéèrè tí ọmọ máa bi olùgbaninímọ̀ràn ni pé: "Kọ́ọ̀sì wo nínú Neuroscience ni èyí rọ́pò?" Kó gba èsì náà nínú ímeèlì.

Òṣùwọ̀n wa fún gbèsè nìyí. Ìjọba àpapọ̀ máa ń yá ọmọ tó wà lábẹ́ òbí ní $5,500 lọ́dún kìíní, $6,500 lọ́dún kejì, àti $7,500 lọ́dún kẹta àti ìkẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $27,000. Bí ilé-ìwé kan bá máa mú kí ẹ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti wọ́n jù fún oyè yìí. Láti July 2026, Parent PLUS tí òbí ń yá kò gbọdọ̀ ju $20,000 lọ́dún lọ fún ọmọ kan, tàbí $65,000 lápapọ̀. Kódà láàárín ààlà yẹn, a ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ibí ni wọ́n bí ọmọ wa, èmi ni mi ò tíì ní ìwé ìgbélùú. Ṣé ó lè kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀? A tún ní ilé kan ní Ìbàdàn tí àwọn ayálégbé wà nínú rẹ̀. Ṣé ó kan àwọn ará Amẹ́ríkà? — Òǹkàwé kan, Houston

Ọmọ lè kún un. Ìwé ọmọ ni FAFSA ń wò, kì í wo ti òbí. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀ ní StudentAid.gov kó sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ àti àdírẹ́sì yín ni ẹ fẹ́ fi sọ́wọ́ ìjọba yẹn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò ìgbélùú sọ̀rọ̀.

Ilé Ìbàdàn kàn wọ́n dáadáa. Ilé tí ẹ̀ ń gbé nìkan ni FAFSA kì í béèrè. Èyí tí ẹ fi háyà, ibikíbi tó bá wà lágbàáyé, ohun ìní ni. Iye tó tó lọ́jọ́ tí ẹ ń kún fọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ yọ gbèsè orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì sọ náírà di dọ́là ní iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹbí tí kì í ṣe tiyín kò sí níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé aládàáni tó ń lo CSS Profile, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ mìíràn, tún máa ń tú nǹkan wò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé. Owó tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí yín nílé lóṣooṣù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ ọdún kan.

Ọmọkùnrin mi pé ọdún 18 ní June, ó sì fẹ́ wọlé ní September. Ọdún mẹ́jọ la ti lò ní London, ọ̀nà ọdún mẹ́wàá sí ìwé ìgbélùú pípé la wà. UCL (University College London) ló fẹ́. Ṣé yunifásítì Keele tàbí Leeds ò ní dínwó fún wa? — Bàbá kan, Peckham

Bàbá wa, fún ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ ilé, iye kan náà ni UCL, Keele àti Leeds ń gbà: £9,535 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yanjú ni bóyá wọ́n máa kà á sí ọmọ ilé, nítorí owó àjèjì lè kọjá £30,000 lọ́dún, kò sì sí ẹ̀yáwó ìjọba níbẹ̀.

Ẹni tó ti pé 18, tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú pípé, gbọ́dọ̀ ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ tàbí ogún ọdún ní UK kí ọdún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì ti wà níbẹ̀ lọ́nà òfin fún ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ní September, ọmọ yín á ti lé ní 18 pẹ̀lú oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ìdajì rẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ kò tó. Àwọn kan máa ń rò pé tí ọmọ bá jókòó sílé lọ́dún kan, ó bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọdún kan ṣe ń kún iye tó ti gbé, ìdajì ọdún ń kún iye tí wọ́n ń béèrè. Ó máa gbà ju ọdún méjì lọ kí méjèèjì tó dọ́gba, ìwé pípé tiyín ní ọdún kẹwàá sì lè ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé náà bá jáde ló ṣe pàtàkì: ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, kó béèrè Sanctuary Scholarship, owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú wọn kò tíì yanjú, lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn kan gba ẹni tó ní físà bíi tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá ti yanjú, kó wá ibi tó ní ọdún iṣẹ́ nínú láàbù tàbí iléeṣẹ́ òògùn. Owó ilé-ìwé ọdún yẹn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún owó ọdún yòókù lọ. Ẹ̀yáwó ibẹ̀ kì í fún èèyàn lọ́rùn bíi ti Amẹ́ríkà: ẹni tó ń gba £30,000 lọ́dún á san ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lórí £5,000 tó lé lórí £25,000, ìyẹn £450 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ títí di ogójì ọdún bí kò bá tíì tán.

Mo ti gba WAEC, mi ò rí Neuroscience ní UI. Ṣé kí n wá owó lọ sí òkèèrè ni? Iṣẹ́ wo ló sì wà nínú ẹ̀? — Ọ̀dọ́ kan, Ìbàdàn

Àbúrò, tọ́jú owó yẹn ná. Ka Physiology tàbí Anatomy nílé. Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ni wàá yàn ní JAMB. Nígbà tó o bá dé ọdún ìkẹyìn, wá olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ pé kó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ. Lẹ́yìn náà ni Neuroscience á wá kàn ní oyè kejì. Ìbàdàn kì í ṣe ìgbèríko nínú iṣẹ́ yìí: àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ìlú méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2001 sì fi hàn pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú àwọn Yorùbá Ìbàdàn kéré sí bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis.

Bí ọkàn rẹ bá ṣì wà lókè òkun, wo Jámánì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba €1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ àjèjì. Yunifásítì Osnabrück ní Cognitive Science, tó sún mọ́ Neuroscience, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n WAEC nìkan kì í sábà tó fún wọn, wọ́n máa ń fẹ́ rí èsì yunifásítì láti ilé. Físà náà sì ń béèrè €11,904 fún ọdún kan nínú àkáǹtì dídì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tú owó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ní ti iṣẹ́, oyè àkọ́kọ́ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà tàbí onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá. Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ni iṣẹ́ láàbù, iṣẹ́ ìdánwò òògùn, àti PhD, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń san owó oṣù fún ẹni tó bá ń ṣe é. Ẹni tó mọ Python tàbí R, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó sì mọ statistics, ni láàbù máa ń kọ́kọ́ mú. Python àti R jẹ́ ọ̀fẹ́, o sì lè bẹ̀rẹ̀ kí èsì JAMB tó jáde.