Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ ká máa ṣe blowdown fún bọ́ílà ilé ìfọṣọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ílà tó ń ṣe tọ́ọ̀nù sítíìmù kan ní wákàtí kan ló ń gbé ilé ìfọṣọ wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta níbí. Omi bọ́òhóòlù la ń lò, a sì ń gbà á kọjá nínú softener. Ọ̀gá wa àtijọ́ ní ká máa ṣe blowdown, ìyẹn ká ṣí fáàfù ìsàlẹ̀ kí omi díẹ̀ tú jáde nínú bọ́ílà, fún ìṣẹ́jú méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tuntun ní softener ti mú omi wa rọ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó, nítorí owó dísẹ́ẹ̀lì. Ta ni ká tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tẹ̀ lé ìkankan, torí kò sí èyí tó wọn omi nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ softener kúrò nílẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù àti mágínísíọ́ọ̀mù tó ń di èèpá lára páìpù ló ń gbà, sódíọ́ọ̀mù ló sì ń fi dípò. Iyọ̀ inú omi kò dín, irú rẹ̀ ló yí padà. Bí sítíìmù bá sì ṣe ń jáde ni iyọ̀ ń kù sẹ́yìn nínú bọ́ílà, bí ọbẹ̀ tó ń gbẹ lórí iná. Tó bá ti pọ̀ jù, omi á máa yọ ìfófòó, á máa jó nínú gíláàsì ìwọn omi, sítíìmù á sì máa gbé omi iyọ̀ dání lọ sára ẹ̀rọ ìlọṣọ yín. Nígbà míì bọ́ílà á kú fúnra rẹ̀ bíi pé omi ti tán.

Mítà conductivity ni ẹ ó rà, èyí tó ń wo bí omi ṣe ń gba iná mànàmáná kọjá: bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà ń ga tó. Ẹ má gba omi bọ́ílà sínú ike ní gbígbóná o. Yàtọ̀ sí pé ó lè bó yín lára, apá kan á fẹ́ lọ bí sítíìmù, èyí tó kù á wá ki ju ti inú bọ́ílà lọ. Ẹ gbà á gba inú páìpù tí omi tútù yí ká, kó tutù dé 25°C. Bí mítà yín kì í bá ṣe àtúnṣe ooru fúnra rẹ̀, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó fi ju 25 lọ ń fi bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kún nọ́ńbà; omi tó wà ní 32°C á fi nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún pa irọ́ fún yín. Ẹ kán phenolphthalein díẹ̀ sí i, ìyẹn èròjà olómi tó ń fi àwọ̀ hàn bí omi bá ní álíkálì, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ máa fi gallic acid, ásíìdì tó ń pa álíkálì náà, sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ náà á fi lọ, kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ fi 0.7 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀, ẹ ti rí TDS, ìyẹn mílígíráàmù iyọ̀ nínú lítà kan.

Ẹ wọn omi táǹkì tó ń bọ́ bọ́ílà náà, kì í ṣe ti ẹnu bọ́òhóòlù. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, bọ́òhóòlù méjì tó kángun síra wọn lè má jọra, ti ẹ̀ẹ̀rùn sì lè yàtọ̀ sí ti òjò. Ká ní ó jẹ́ 360 µS/cm lórí mítà, ìyẹn TDS 250. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe bọ́ílà kọ ló ni àṣẹ lórí ibi tí omi inú rẹ̀ lè ga dé. Fún bọ́ílà tí iná ń gba inú páìpù kọjá, 2,000 sí 3,500 ló wọ́pọ̀. Ẹ fi 2,500 bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ 250 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 2,250. Ẹ fi 2,250 pín 250, ẹ ó rí 0.111. Ìyẹn ni pé bí bọ́ílà bá ṣe 1,000 kìló sítíìmù, 111 kìló omi gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá jẹ́ 600 kìló péré lẹ lò ní wákàtí náà, 67 ti tó.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé 111 ti jáde? Gíláàsì ni ẹ ó wò. Bí ojú omi inú bọ́ílà bá gùn ní mítà 2.5, tó fẹ̀ ní 1.4, sẹ̀ǹtímítà kan tó bá wálẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìló 31 omi gbígbóná. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ ń wá nìyẹn. Ẹ má fà á jáde lẹ́ẹ̀kan: ẹ ṣí fáàfù tán pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tì í, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù dá omi padà, kẹ́ ẹ tó tún ṣí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Omi gbígbóná lásán ló ń tẹ̀ lé e, ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú méjì ọ̀gá àtijọ́ fi jẹ́ àṣejù, ó sì lè fa omi wálẹ̀ débi ewu. Ìgbà tí iná bá rọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Bí fáàfù bá jẹ́ méjì, èyí tó sún mọ́ bọ́ílà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, òun náà ni kẹ́ ẹ tì kẹ́yìn, kó má baà jẹ́ òun ni omi ń jẹ. Omi náà kò gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí gọ́tà àdúgbò. Inú táǹkì tàbí kòtò blowdown tó bò dáadáa, tó sì ní páìpù ìmí, ni kó lọ.

Ọ̀gá tuntun kò jayò pa nípa dísẹ́ẹ̀lì. Bí bọ́ílà bá ń ṣiṣẹ́ ní ìfúnpá sítíìmù 7 bar, tí omi tó ń wọlé sì jẹ́ 30°C, 111 kìló yẹn ń gbé ooru bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì 2.3 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ibi tí owó wà ni omi tí sítíìmù dà nínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ àti ti ìlọṣọ, tí ọ̀pọ̀ ilé ìfọṣọ ń dà nù. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀. Ẹ dá a padà sí táǹkì. Bí TDS táǹkì bá tibẹ̀ bọ́ sí 100, kìló 42 nìkan ni ẹ ó máa tú jáde, kò ní tó lítà dísẹ́ẹ̀lì kan.

Tí wọ́n bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń ṣe blowdown fúnra rẹ̀ fún yín, ó dára, àmọ́ èèpá lè bo irin tó ń wọn omi. Irin tí èèpá bò á máa kà á sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, fáàfù kò ní ṣí, iyọ̀ á sì máa gorí iyọ̀ láìsí ẹni tó fura. Ẹ máa fi mítà ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti jìnnà síra, ẹ tú irin náà kí ẹ fọ̀ ọ́.