Kí ló dé tí bẹ́árìn ẹ̀rọ tá a fi ń rin ẹ̀gẹ́ kì í lò ju oṣù kan lọ? Àbí ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa?
Ẹ ǹlẹ́ o, ará Adó-Èkìtì. Ó lè jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún yín lóòótọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹni tó tà á jà, ẹ wo bí mẹkáníìkì yín ṣe ń fi í sí. Tó bá jẹ́ etí ìta bẹ́árìn ló ń fi òòlù lù kó lè wọ ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí, ó ti bà á jẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, torí àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ló ń gba gbogbo ìlù yẹn, wọ́n á sì ti tẹ ojú irin tí wọ́n ń yí lé wọnú. Etí inú tó di ṣáàfù mú ni kó máa gbá, kó wá páìpù tó ṣe wẹ́kú fi tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́líìtì. Àwa èèyàn ṣáà fẹ́ kó le gan-an bí awọ ìlù, bẹ́ẹ̀ ṣe ló ń fa ṣáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ na okùn kọjá ojú púlì méjèèjì tí bẹ́líìtì ń yí lé, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba, tí ò bá kàn wọ́n dọ́gba ẹ sún ẹ́ńjìnnì. Omi ẹ̀gẹ́ náà sì ń jẹ irin o, tẹ́ ẹ bá ti fọ ẹ̀rọ tán, ẹ fín gíríìsì tuntun sí bẹ́árìn títí gíríìsì dúdú inú ẹ̀ á fi jáde.