Ọjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ẹni tó ń dá rìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin bímọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ó ní òun á fún mi ní ọjọ́ kan láti fi wo ìlú, àmọ́ kò sí ẹni tó máa sìn mí. Mi ò dé ibẹ̀ rí, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí mi ò ní sọnù?

Ìdáhùn: Màámi, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ọlọ́run á dá a sí.

Peckham tí wọ́n ń gbé yẹn ti dín wàhálà yín kù, torí bọ́ọ̀sì 12 ń gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí wọ́n kọ Oxford Circus síwájú rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Á gba Camberwell àti Elephant & Castle, á gun afárá Westminster kọjá lórí odò Thames, á gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti agogo Big Ben, kó tó já sí Trafalgar Square, níbi tí ẹ ti máa sọ̀. Alájà méjì ni bọ́ọ̀sì náà; tí orúnkún bá gbà, ẹ jókòó lájà òkè, níwájú pátápátá. Ẹ di irin mú bí ẹ ti ń gòkè, torí bọ́ọ̀sì lè gbéra kí ẹ tó jókòó. Ẹ fi ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ògiri lásán lẹ máa máa wò.

Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó bébà tàbí owó ẹyọ lọ́wọ́ èrò mọ́; káàdì ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín ra káàdì Oyster, kí ó sì fi owó sí i. Mi ò ní ní kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báńkì tí ẹ gbé láti ilé, torí ó lè kọ̀ nígbà tí èrò ti tò sẹ́yìn yín. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ẹ kò ní kàn án mọ́ tí ẹ bá ń sọ̀. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ kàn án, bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀ kò ní gba owó, bí ó bá ṣáà jẹ́ káàdì kan náà lẹ lò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù fún ẹni tó ti Nàìjíríà lọ ni títì. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀, bí tiwa ṣe rí kó tó di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí a yí i sí ọ̀tún. Òsì ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ yà sí kí a tó gbẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni ọkọ̀ á ti yọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n kọ "LOOK RIGHT" sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ọ̀tún ni kí ẹ wò. Ibi tí iná wà ni kí ẹ ti máa sọdá, kí ẹ dúró di ìgbà tí àwòrán ènìyàn bá di àwọ̀ ewé. Bí àwọn ọmọ ìlú bá ń sáré kọjá nígbà tí iná ṣì pupa, ẹ má tẹ̀ lé wọn.

Láti Trafalgar Square, ẹ gba Charing Cross Road lọ tààrà dé ibùdókọ̀ Tottenham Court Road, ẹ sọdá oríta ńlá ibẹ̀, kí ẹ wá yà sí Great Russell Street lápá ọ̀tún. British Museum, mùsíọ́mù ńlá tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá kánjú, kò ju bí ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà bàtà Ọjúde Ọba kọ́ ni kí ẹ wọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago márùn-ún ni wọ́n ń tì, àyàfi ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń pẹ́ di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Wọ́n máa yẹ báàgì yín wò. Yàrá 25 nísàlẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ibẹ̀ ni àwọn pátákó idẹ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin lọ́dún 1897 wà. Ẹ tún béèrè orí idẹ Ifẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọ́níjẹ̀ lọ́dún 1938. Ẹ fi wákàtí kan gbáko wò wọ́n, kí ẹ má sì gbìyànjú láti wo gbogbo ilé náà tán. Ilé ìtura ibẹ̀ mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lò ó kí ẹ tó jáde.

Tí ẹ bá fẹ́ wo fóònù nígboro, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ti ń já a gbà.

Ẹ padà sí Trafalgar Square, ẹ wọ 12 tí wọ́n kọ Dulwich sí níwájú. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí náà kí aago mẹ́ta má kọjá kí ẹ tó jáde ní mùsíọ́mù. Ní oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà míì, bọ́ọ̀sì lè dúró lọ́nà kí wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ dúró níbùdókọ̀ tí wọ́n já yín sí, kí ẹ wọ 12 tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà ọmọ yín sórí ìwé, kí ẹ fi sínú àpò, torí bátìrì fóònù lè kú.