“Run”: Ṣé Ṣọ́ọ̀bù Ń Sáré Ni?

Ìbéèrè: Gààrí ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ mi pé “My mother runs a shop.” Ọmọ ní sísáré ni “run”, ó wá ń bi mí pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù ń sáré lọ. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má bá a wí o, ìbéèrè gidi ló béèrè. Ẹ kọ́kọ́ bi í nípa “jẹ” tiwa. A ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, a ń jẹ gbèsè, ọmọ ọba ń jẹ Awùjalẹ̀: mélòó la fi eyín jẹ nínú wọn? Bí “run” ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe Oxford English Dictionary ka ìtumọ̀ 645 fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, kò sẹ́ni tó lè há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ọmọ máa wò.

Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, bíi “run a shop”, “run a school”, ìdarí ni: ìkáwọ́ ìyá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà. “The tap is running”: omi ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ. “My nose is running”: ikun ń dà nímú mi. “This bus runs to Sagamu”: ọkọ̀ yìí ń ná Ṣágámù. “Run for chairman”: du ipò alága.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló le jù. “We have run out of garri”: gààrí ti tán lọ́wọ́ wa. Ẹni tí nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣáájú níbẹ̀, “of” kò sì gbọdọ̀ sọnù. Bó bá jẹ́ gààrí fúnra rẹ̀ ló ṣáájú, “The garri has run out”, ó parí síbẹ̀, kò sí “of” mọ́. Àwọn ọmọ máa ń da méjèèjì pọ̀, torí “gààrí ti tán” náà là ń sọ fún méjèèjì. “I ran into my teacher”: mo ṣe kòńgẹ́ tíṣà mi. “I ran over my teacher”: mo fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Ẹ sì ṣọ́ “has ran”, àṣìṣe ni. “Has run” ló tọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Kó má kọ “run” nìkan. Odidi gbólóhùn ni kó kọ, kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kó fi Yorùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Bí gààrí bá sì tán nínú báàfù lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lọ́nà méjèèjì kí ẹ tó tú àpò mìíràn.