Breaststroke ló pẹ́ jù lórí aago, kí ló dé tí kóòṣì ní òun ni ọmọ mi mọ̀ jù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan níbí l'Ákùúrẹ́. Wọ́n wọn eré rẹ̀ ní mítà 50. Freestyle (ìdojúbolẹ̀, ọwọ́ kan ń tẹ̀lé èkejì) gbà á ní sẹ́kọ́ńdì 36, backstroke (ìfẹ̀yìnlélẹ̀) 42.5, butterfly (ti labalábá) 43, breaststroke (ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́) 44. Kóòṣì rẹ̀ wá sọ pé breaststroke ló mọ̀ jù. Kò yé mi o. Ṣé èyí tó pẹ́ jù náà ni wọ́n ń pè ní èyí tó mọ̀ jù? Báwo lẹ ṣe ń fi ọ̀kan wé èkejì? Wọ́n sì tún fẹ́ kó ẹni mẹ́rin jọ fún rìléè àdàlù, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lú oríṣi kan, ní ìdíje àwọn ilé-ìwé. Ibo ló yẹ kí wọ́n fi í sí?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun mà. Kóòṣì kò purọ́, aago náà kò sì purọ́. Bí ọlọ́kadà àti awakọ̀ tírélà bá jọ gbéra l'Ákùúrẹ́ lọ sí Oǹdó, a kì í torí pé ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ dé ká ní awakọ̀ tírélà ò mọ ọkọ̀ wà. Ibi tí eré oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ la ó kọ́kọ́ wò, ká tó wo bí ọmọ ṣe súnmọ́ ibẹ̀ tó.

Ẹ wo àwọn obìnrin tó yá jù láyé ní mítà 50, nínú púùlù gígùn (ti mítà 50). Sarah Sjöström ará Sweden lo 23.61 fún freestyle ní 2023, òun náà ló lo 24.43 fún butterfly ní 2014. Kaylee McKeown ará Australia lo 26.86 fún backstroke ní 2023, Ruta Meilutyte ará Lithuania sì lo 29.16 fún breaststroke lọ́dún kan náà. Àwọn ọkùnrin náà kò yàtọ̀. Ní mítà 100, Pan Zhanle ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà lo 46.40 fún freestyle ní Paris ní 2024, nígbà tí Adam Peaty ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo 56.88 fún breaststroke ní 2019. Ó lé ní sẹ́kọ́ńdì 10 láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé Peaty ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ti wá, ẹ lè fojú yín rí i láti ẹ̀gbẹ́ púùlù. Nínú freestyle, bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń wa omi sẹ́yìn ni ọwọ́ òsì ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀ wá síwájú. Ọwọ́ tó ń padà kò bá omi jà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà kan tí nǹkan kan kì í ti ara lọ síwájú. Ṣùgbọ́n breaststroke, tí àwọn ọmọ ń pè ní ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gba inú omi padà. Nígbà tó bá fa gìgísẹ̀ mọ́ ìdí láti múra ìtasẹ̀, itan rẹ̀ á dúró gbagidi ko omi lójú bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí kọjú sí ìjì. Eré á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá níbẹ̀, á tó ta ẹsẹ̀ kó tún tó sáré. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe lọ títí: ó sáré, ó dúró, ó sáré, ó dúró. Omi kì í sì í fi ìdènà rẹ̀ bá eré dọ́gba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà omi á di bí ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí eré rẹ̀ ń lọ sókè sódò á ná agbára ju ẹni tí eré rẹ̀ wà lójú kan lọ, kódà bí àwọn méjèèjì bá jọ dé.

Backstroke jọ freestyle ní ti pé ọwọ́ kan ń tẹ̀lé ọwọ́ kan, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ara ni ọwọ́ ti ń wa omi, èjìká kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Inú omi ni wọ́n sì ti ń gbéra fún un, kò sí bíbẹ́ láti òkè. Butterfly, ti labalábá, ní agbára gan-an nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá jọ wa omi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Ẹ rí i: ní mítà 100 àwọn ọkùnrin, butterfly Caeleb Dressel (49.45 ní 2021) fi sẹ́kọ́ńdì 2.15 ṣáájú backstroke Thomas Ceccon (51.60 ní 2022). Ní mítà 200, tí ọ̀nà ti di ìlọ́po méjì, 1:50.34 tí Kristóf Milák lò ní 2022 fi 1.58 péré ṣáájú 1:51.92 tí Aaron Peirsol lò ní 2009. Bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn ni butterfly ń jẹ ara rẹ̀ run. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, kì í pẹ́ tó mítà 200 kí backstroke tó kọjá rẹ̀.

Ó yá, ìṣirò. Ẹ fi rẹ́kọ́ọ̀dù freestyle àwọn obìnrin tí mo kọ lókè pín ti àwọn yòókù: butterfly á fún yín ní 1.03, backstroke 1.14, breaststroke 1.24. Kí ẹ wá fi freestyle ọmọ yín sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹni tó ń lo 36 fún freestyle, bí gbogbo ẹ̀yà eré rẹ̀ bá gún régé bákan náà, yẹ kó máa lo bíi 37.2 fún butterfly, 41 fún backstroke, 44.5 fún breaststroke. Ọmọ yín lo 44 fún breaststroke, ó fi ìdajì sẹ́kọ́ńdì ṣáájú ibi tó yẹ kó wà. Backstroke fi 1.5 kù sẹ́yìn, butterfly fi nǹkan bíi 5.8 kù sẹ́yìn. Ohun tí kóòṣì rí nìyẹn.

World Aquatics, àjọ tí a ń pè ní FINA tẹ́lẹ̀, ní ọ̀nà tó péye ju èyí lọ, òun ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ń lò. Ẹ fi aago ọmọ pín rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ kọ èsì náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra wọn, lẹ́yìn náà ẹ fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀. Fún breaststroke ọmọ yín, 29.16 tí a fi 44 pín jẹ́ 0.6627. Bí a bá ṣe é bí mo ṣe wí, máàkì 291 ló gbà. Freestyle gba 282, backstroke 252, butterfly 183. Ọdọọdún ni àjọ náà ń tún iye ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ti púùlù mítà 50 yàtọ̀ sí ti mítà 25, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo lò níhìn-ín sì jẹ́ ti mítà 50.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ rọra. Láàárín 291 àti 282, máàkì 9 péré ni. Bí púùlù bá kúrú, ògiri á pọ̀, ògiri a sì máa gbe breaststroke. Lẹ́yìn tí òmùwẹ̀ bá ti ta ògiri, òfin gbà á láyè láti wa omi lẹ́ẹ̀kan dé itan lábẹ́ omi, kó sì jù ìdí bí ẹja lẹ́ẹ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtasẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ tó mọ ìyẹn ṣe lè jèrè sẹ́kọ́ńdì kan níbi tí ìlúwẹ̀ẹ́ gan-an kò ti yá.

Kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ gbé ike omi kan sí ẹ̀gbẹ́ púùlù ní mítà 10, òmíràn ní mítà 20. Ọmọ á ta ògiri, á máa bọ̀. Ìgbà tí orí rẹ̀ bá kọjá ike àkọ́kọ́ lẹ ó tẹ aago fóònù yín, ẹ ó sì tún un tẹ̀ nígbà tó bá kọjá èkejì. Mítà 10 yẹn, ìlúwẹ̀ẹ́ lásán ni, kò sí ògiri níbẹ̀. Ká ní freestyle gba 7.6 tí breaststroke gba 9.4, ìpín rẹ̀ jẹ́ 1.24, ọ̀rọ̀ kóòṣì dúró gbọn-in. Bó bá jẹ́ 1.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri ló ń gbè é. Kí ẹ tún ka iye ìgbà tó wa omi láàárín ike méjèèjì. Mẹ́jọ túmọ̀ sí mítà 1.25 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó wa omi. Bí iye náà bá ń pọ̀ lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tí aago kò sì dín, á jẹ́ pé ó ń kánjú, kò jẹ́ kí ara yọ̀ lórí omi lẹ́yìn ìtasẹ̀.

Ẹ yẹ púùlù náà wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ púùlù òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní mítà 25 kò tó bẹ́ẹ̀, téèpù bíríkìlà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ 23, lílọ-bíbọ̀ jẹ́ mítà 46, sẹ́kọ́ńdì 36 yẹn á sì di bíi 39 ní mítà 50 gidi. Èyí kò yí ipò oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, nítorí gbogbo wọn ló jọ jẹ èrè náà, àmọ́ máàkì wọn á wálẹ̀. Omi tí kò jìn tó mítà 1.35 níbi tí wọ́n ti ń gbéra, ẹ má jẹ́ kó bẹ́ sínú rẹ̀. Kó ta ògiri ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ kàn rántí pé backstroke á dà bíi pé ó dára díẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, torí bíbẹ́ tí àwọn mẹ́ta yòókù fi ń jèrè ti kúrò. Ẹ fún un ní ìsinmi ìṣẹ́jú 15 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí ètò wọn po, kí èyí tó gbẹ̀yìn lánàá ṣíwájú, kí ẹ sì wá àárín aago ọjọ́ méjèèjì. Aago òwúrọ̀ ọyẹ́ àti ti ọ̀sán oṣù Kẹta kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọ̀sán Sátidé tí àwọn ọmọ kún púùlù fọ́fọ́, ìgbì wọn á ba ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ jẹ́.

Ní ti butterfly, ẹ má bá a wí. Ọmọ ọdún 13 kò tíì ní èjìká rẹ̀. Ẹ ka aago mítà 25 àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ 19 àti 24, agbára ló ń tán. Bó bá jẹ́ 21 àti 22, ọ̀nà tó gbà ń ṣe é ni kò dára, ó sábà máa ń jẹ́ pé orúnkún ló fi ń ta ẹsẹ̀ dípò ìbàdí, tàbí pé ó ń gbé orí sókè mí ní gbogbo ìgbà tí ìdí sì ń rì. Àwọn ọmọ tó fi odò kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, bíi ti Ìlàjẹ, náà máa ń gbé orí sókè bẹ́ẹ̀. Ní odò ó wúlò, kí wọ́n lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ní púùlù, eré ló ń jẹ.

Ó ku rìléè. Níbẹ̀, ẹ ju máàkì nù, sẹ́kọ́ńdì nìkan ni ká kà. Ká ní ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn tó ń lo 35 fún freestyle, 50 fún breaststroke. Bí ti yín bá gba freestyle kí tọ̀hún gba breaststroke, 86 ni àpapọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ara wọn, 79. Sẹ́kọ́ńdì 7 lórí ohun tí wọ́n kọ sí ìwé lásán. Ṣùgbọ́n ká ní dípò ọmọ yẹn, ọmọ mìíràn ló wà tó ń lo 43 fún breaststroke tí kò sì mọ nǹkan mìíràn, kí ti yín lọ sí freestyle, ohun yòówù kí máàkì rẹ̀ wí. Kí kóòṣì kọ aago àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà 24 ló wà láti pín wọn, kó sì mú èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré jù.

Backstroke ló ń ṣíwájú rìléè àdàlù, torí inú omi ni wọ́n ti ń gbéra fún un. Breaststroke tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà butterfly, freestyle ló ń kádìí. Bó bá jẹ́ ipò kejì yẹn ni wọ́n fún un, ohun kan tí ẹ ó máa ṣọ́ nígbà ìdánrawò ni bó ṣe ń kan ògiri. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ méjèèjì sì ya ara wọn. Bí ọwọ́ kan bá ṣáájú, wọ́n á lé gbogbo ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.