Èsì: Ìró odó láti òkè

Ẹ kú ìfaradà o. Ẹ ní màmá tó ń gbé lókè yín ní Àdátán máa ń gúnyán ní aago 5 ìdájí, rédíò wọn náà ò sì sinmi, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ fẹjọ́ sun láńlọ́ọ̀dù.

Ẹ má tíì lọ. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí nílé kan ní Láfẹ́nwá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni alábàágbé mi ò fi jẹ́ kíkí mi. Ọ̀nà ilé ìdáná kan náà sì ni à ń gbà kọjá!

Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lọ kí wọn, kí ẹ béèrè àwọn ọmọ, kí ẹ tó dárúkọ odó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ pé ó ń dà yín láàmú. Ara dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ni ìró odó ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí títi fèrèsé ò fi ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wá táyà ọkọ̀ tó ti jẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, kí ẹ ká òfìfo àpò ìrẹsì méjì sórí rẹ̀, kí wọ́n gbé odó lé e. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ fún wọn o, ẹ má rán ọmọdé. Ti rédíò, kí wọ́n ṣáà gbé e kúrò lára ògiri.