Ṣé CAPM, ìwé ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀ nínú àbójútó iṣẹ́ àkànṣe, lè ran àgùnbánirọ̀ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́ ní Àbújá?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ òun nìkan kò lè gbé iṣẹ́ fún yín. CAPM tí àjọ PMI (Project Management Institute) ń fúnni kò béèrè ìrírí: ìwé ẹ̀rí girama àti ẹ̀kọ́ wákàtí 23 ti tó láti jókòó ṣe ìdánwò náà. PMP, ìwé ẹ̀rí PMI tó ga ju CAPM lọ, ń béèrè ìrírí oṣù 36 lọ́wọ́ ẹni tó ní dìgírì, torí náà ẹ má tíì lé e. Ní Àbújá níbí, ohun tí àwọn NGO máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé, "Kí lo ti ṣe rí?" Ẹ fi iṣẹ́ CDS yín, ìyẹn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí àgùnbánirọ̀ máa ń ṣe, dáhùn: ẹ kọ iye tí ẹ ná sílẹ̀, ìgbà tó yẹ kó parí, àti ohun tó dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yáwó ṣe ìdánwò yìí o.